Bí mo ṣe wọ̀ sílé onílé ní Kúbà, láti Havana dé Matanzas

Tẹ́ ẹ bá ń lọ Kúbà, ẹ fi hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ jàre. Casa particular ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn ilé tí ìdílé kan ń gbé, tí wọ́n wá ya yàrá kan tàbí méjì sọ́tọ̀ fún àlejò. Ìjọba ti fọwọ́ sí i láti 1997, ẹni tó bá sì gba láísẹ́ǹsì á lẹ àmì kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ó jọ ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Tó bá jẹ́ búlúù, ti àwa àjèjì nìyẹn, tó bá pupa, ti àwọn ọmọ ìlú ni, ẹ máa bá tiyín lọ.

London ni mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀. Físà wọn ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún máa kọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní D'Viajeros kẹ́ ẹ tó gbéra, òun ló máa fún yín ní QR code tí wọ́n máa wò tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ilé ti Havana, orí Airbnb ni mo ti rí i, láti 2015 ni wọ́n ti ń ṣe Kúbà, mo sì sanwó ẹ̀ tán kí n tó kúrò nílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni o, torí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ le, káàdì báǹkì Amẹ́ríkà ò ṣiṣẹ́ rárá, ti ibòmíì náà lè ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ lọ́la, nítorí náà yúrò lówó ni mo kó dání, kéékèèké, márùn-ún márùn-ún, mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ṣéńjì ṣọ̀wọ́n. Ẹ yẹ owó yín wò dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, èyí tó bá ya tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìyá onílé ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kí n tó dé, òun ló rán awakọ̀ wá pàdé mi, ọkọ̀ Chevrolet àtijọ́ kan tó ti dàgbà ju bàbá mi lọ, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń hó, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò fẹ́ tì, ṣùgbọ́n a dé. Centro Habana, àdúgbò kan ní Havana, ni ilé náà wà, òkè kejì, àtẹ̀gùn tóóró tó ṣókùnkùn, ara ògiri ìta ti ń ṣí, tẹ́ ẹ bá fojú ìta wò ó ẹ lè ní ẹ ò wọlé mọ́. Inú wá mọ́ tónítóní, ilẹ̀ ń dán. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè ni pásípọ́ọ̀tù, kò séwu ńbẹ̀, òfin ni, ìwé rẹ́jísítà kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àlejò sí, pẹ̀lú nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tó wọlé àtọjọ́ tó máa jáde, kí wọ́n sì fi tó àwọn immigration létí. Orúkọ mi gùn, màmá yẹn ń da lẹ́tà ẹ̀ kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó parí ó ní kí n jókòó ó gbé kọfí wá.

Nínú yàrá, ẹ́ẹ̀sì wà, fíríìjì kékeré wà tí omi àti bíà wà nínú ẹ̀, wọ́n lẹ iye owó mọ́ ara ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa máàkì ohun tẹ́ ẹ bá mu. Bébà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ni kẹ́ ẹ jù ú sí, ẹ má jù ú sínú omi, páìpù wọn ò gbé e. Iná wọn 110 volts ni níbi tó pọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì bíi ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ mú adápítọ̀ dání.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Nàìjíríà, ẹ ò nílò ẹni tó máa kọ́ yín. Ní oṣù kẹwàá 2024, gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ló ṣókùnkùn nígbà tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Antonio Guiteras ní Matanzas dáwọ́ dúró, láti ìgbà náà ni iná ti túbọ̀ ń ṣe ségesège. Tí wọ́n bá ti mú un lọ, omi náà ń lọ nìyẹn, torí iná ló ń fa omi sínú táǹkì orí òrùlé. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo lọ bá ìyá onílé, mo ní kó fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́. Ẹnu yà á! Ó ní àwọn òyìnbó tó ń wá, wọ́n máa ń bínú ni, wọn kì í bèèrè bọ́kẹ́ẹ̀tì. Látìgbà yẹn la ti di ọ̀rẹ́.

Oúnjẹ àárọ̀ kò sí nínú owó yàrá, 5 dọ́là ni mò ń san: ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gúáfà, ẹyin, búrẹ́dì, kọfí tó le bí egbòogi. Mo rí ará Kánádà kan tó ń ná an pé kí wọ́n dín owó yẹn kù, ojú tì mí fún un. Ìwé ìpín oúnjẹ tí ìjọba ń fún wọn láti 1962 ṣì wà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ò tó nǹkan, búrẹ́dì kékeré kan fún ẹnì kan lóòjọ́, nígbà míì kó má tiẹ̀ wá. Ẹyin tí wọ́n dín fún yín yẹn, ẹnì kan ti tò sórí ìlà tàbí kó rà á lówó gọbọi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun alẹ́ níbẹ̀, ẹ sọ láàárọ̀, kí wọ́n rí àyè wá a. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà dúdú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dín tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, pákí sísè tí wọ́n da áyù àti òróró lé lórí, mo jẹ ẹ́ dọ́ba.

Ìta náà ní tiẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n máa ní ilé tẹ́ ẹ ń lọ ti kún, pé àwọn mọ ibòmíì. Kọmíṣọ̀n ni wọ́n ń wá, owó yín ni wọ́n sì máa yọ ọ́ nínú ẹ̀. Mo kàn ní mo ti sanwó, mo kọjá.

Ti Matanzas ni mi ò fi íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ìyá onílé ló pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ilé kan á fi yín lé ilé kejì lọ́wọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì Víazul, ẹnì kan ti dúró dè mí níbùdókọ̀, ó gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí dání, wọ́n sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ilé yìí ló wọ̀ mí lára jù. Ilé àtijọ́, àjà ẹ̀ ga, àgbàlá wà láàárín. Bí mo ṣe wọlé tí mo bojú wẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Ẹlẹ́gbára nìyẹn, orí símẹ́ńtì tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe ojú àti ẹnu ẹ̀, suwíìtì wà níwájú ẹ̀. Ọmọ ọmọ ìyá àgbà tó ni ilé wọṣọ funfun látòkè délẹ̀, wọ́n ti fi í sínú ẹ̀sìn òrìṣà lọ́dún yẹn, ọdún kan gbáko ló máa fi wọ funfun, kò sì gbọ́dọ̀ wà níta lóru. Mo na ọṣẹ tí mo mú wá látọ̀dọ̀ wa sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí tábìlì, mo gbé e síbẹ̀ kó tó mú un, torí kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn sọ́wọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó pe àwọn ará ilé kejì! Ó sọ fún mi nípa ìgbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wá sí Kúbà ní 1987. Ó kọ orin Yemọja, mo gbọ́ díẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó wá bèèrè pé èwo ni òrìṣà tèmi. Mo ní, ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà o. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ò fún lóúnjẹ, ó wá bu ìrẹsì sí i fún mi.

Níbẹ̀, ìgbà tí mo ń lọ ni mo sanwó, 25 dọ́là lálẹ́ kan fún yàrá, kì í ṣe fún orí kọ̀ọ̀kan, mo fi yúrò san án. Mo fi parasitamọ́ọ̀lù, ọṣẹ àti báńdéèjì tí mo kó wá sílẹ̀ fún wọn, ẹ kó tiyín dání, oògùn wọ́n níbẹ̀ gan-an.

Ohun kan ṣì kù, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ti dé Kúbà láti 12 oṣù kìíní 2021 wá sí ìsinsìnyí ò lè fi ESTA, ìyẹn ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò dípò físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, ẹ máa lọ gba físà gidi ní ẹ́ḿbásì ni. Tẹ́ ẹ bá ní ìgbéyàwó ní Houston lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ jẹ ìrẹsì ibẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó lọ Kúbà.