Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Liberal Arts Láì Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀kọ́ liberal arts kì í kọ́ni ní iṣẹ́ kan pàtó. Bí a ṣe ń ronú, tí a ń kàwé, tí a sì ń sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ló ń kọ́ni. Láyé àtijọ́, nǹkan méje ni wọ́n kà mọ́ ọn ní Yúróòpù: gírámà, lọ́jíìkì, ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ẹ má dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ra ìwé mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, eruku ni yóò bá a ka mẹ́sàn-án.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìbéèrè kan tó ti ń jẹ yín lọ́kàn tipẹ́. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò olùkọ́ tó máa sọ ìdí tó fi yẹ kó bèèrè ohun tí òdodo jẹ́. Ibi tí àgbà ti ju ọ̀dọ́ lọ nìyẹn, bí orí ò tiẹ̀ yá mọ́ bíi tàtijọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé kúkúrú tó dá lé e. Crito tí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ dára fún ìbẹ̀rẹ̀: Socrates, olùkọ́ Plato, wà lẹ́wọ̀n, ó ń retí ikú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó sá, òun ní kí àwọn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má dúró, kódà níbi tí kò yé yín. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ ò ti gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá Socrates ti dá yín lóhùn.

Ẹ má sá fún jiọ́mẹ́tírì. Ẹ fa ìlà kan, ẹ pe ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ní A àti B. Ẹ fi kọ́ńpáàsì gún A, ẹ ṣí i dé B, ẹ ya òbìrìkìtì. Ẹ gún B, ẹ ṣí i dé A, ẹ ya òmíràn. Ibi tí wọ́n ti pàdé lókè ni C. Ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ dé A àti B. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Báwo lẹ ṣe mọ̀? “Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú” kọ́ ni ìdáhùn, rúlà náà kọ́. Láti àárín òbìrìkìtì dé etí rẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni níbi gbogbo: AC bá AB dọ́gba, BC náà bá AB dọ́gba. Ohun tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ nìyí. Kò sì pẹ́ jù fún àgbà: Abraham Lincoln, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ti ṣe aṣòfin ní Washington kó tó jókòó ti ìwé Euclid.

Ẹ wá ẹni mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ ó jọ máa jíròrò. Òfin kan ti tó: ẹni tó bá ní ìwé sọ nǹkan, kó nawọ́ sí ìlà tó ti sọ ọ́. Ariwo á dínkù. Kí oníkálukú sì kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀.

Bí ìwé ẹ̀rí bá wù yín, Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ń kọ́ àgbàlagbà láti ilé, kì í sì í béèrè èsì ìdánwò àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ bèèrè iye wákàtí tí ẹ̀kọ́ kan ń gbà lọ́sẹ̀ kí ẹ tó sanwó.