Ẹ Má Da Omi Ògì Sínú Omi Òkun

Wọ́n ń ki ìlú wa ní Ìlọrin ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹnu dídùn yẹn ni mo ti ń fi bá àwọn tó ń sin ẹ̀dá òkun nílé sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, wọn ò gbọ́. Lónìí, iyọ̀ nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Àbúrò kan ní Tanke ló fà á. Ó pè mí pé kí n wá wo ekòló òkun òun, èyí tí wọ́n ń pè ní feather duster, tí èmi ń pè ní alábẹ̀bẹ̀. Mo débẹ̀, omi táńkì funfun bí ẹfun, ó ń rùn. Mo ní kí ló dà sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní nǹkan kíkúnná ló ń jẹ. Omi ògì ni."

Omi ògì!

Ó dáa. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀, n kò ní padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn tó ń sẹ́ omi jẹ ni mo bá wá: alábẹ̀bẹ̀, kànrìnkàn òkun, àtàwọn oníkarawun méjì tó ń ṣí tó ń pa dé. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí rèé:

1. Kí táńkì má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ ti ra alábẹ̀bẹ̀ sí i. Ẹ ní sùúrù.

2. Fífi iyọ̀ ọbẹ̀ po omi táńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀.

3. Dída oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí gan-an ló ń dùn mí. Nínú òkun, oúnjẹ ń ṣàn kọjá lára wọn tọ̀sántòru, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń sẹ́ ògì: ṣé gbogbo ọkà lílọ̀ ló ń dà sórí asẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni? Asẹ́ á dí ni. Èyí tí wọn ò bá sì rí jẹ á jẹrà, á di amóníà, oró inú omi, amóníà yẹn ló sì ń pa ohun tí ẹ lẹ́ ń bọ́.

Alhaji kan wà ní GRA tó ra flame scallop, ọ̀kan nínú àwọn oníkarawun méjì yẹn, pupa fòò, ó rẹwà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á da ìdajì ìgò phytoplankton, ewé òkun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, sómi. Omi á tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, inú Alhaji á dùn. Ṣùgbọ́n skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀! Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ife skimmer ti kún fún omi ewé. Mo yọ ọ́, mo gbé e fún un, mo ní, "Alhaji, owó yín rèé." Ó rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹta, scallop kú. Nígbà tí mo ṣí karawun rẹ̀, ẹran inú rẹ̀ ti rù, ó kù bí òwú. Alhaji ní kò mà ṣàìsàn, àná ló kú. Rárá o. Ọjọ́ tó wọlé ni ebi ti ń pa á. Ebi kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́ta, ẹ ó sì máa rò pé ó ń gbádùn.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé: sírínjì ni mo fi ń fún wọn, mílílítà márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, fún táńkì lítà 200. Mo máa ń pa skimmer fún wákàtí kan, mo máa ń yọ àpò asẹ́, ṣùgbọ́n n kì í pa pọ́ǹpù tó ń ru omi, kí oúnjẹ má bàa sùn sílẹ̀. Bí nitrate, ohun tí amóníà ń dà nígbẹ̀yìn, bá ti ń gòkè, mo dín in kù.

4. Fífi artemia, edé omi iyọ̀ kéékèèké, bọ́ wọn. Àwọn tó ti ń sin ẹja àrọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń ṣe èyí. Ọmọ artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílímítà. Nannochloropsis, irú phytoplankton kan, ńkọ́? Ẹ óò to ó tó 300 kó tó gba mílímítà kan. Ẹ ń gbé odidi iṣu fún ọmọ ọwọ́.

5, àbí ẹ̀kẹfà ni? Phytoplankton tútù gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, kí ẹ sì máa mì ín lójoojúmọ́. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Èmi fúnra mi ti da èyí tó ń rùn bí ẹyin bàjẹ́ sómi rí, torí owó ọkọ̀ tí mo fi gbé e wá láti Èkó ń ro mí. Mo pàdánù ìlọ́po mẹ́ta owó ọkọ̀ yẹn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá abẹ̀bẹ̀ kan lórí yanrìn. Mo ní alábẹ̀bẹ̀ mi ti bímọ! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi l'Ékòó: "Ẹ bá mi yọ̀." Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ló já sílẹ̀ un. Kí lo fún un jẹ?" Ẹ má tìtorí ìyẹn ju ọ̀pá oníhò tó ń gbé inú rẹ̀ nù o. Bí omi bá dáa, tó ń rí jẹ, á hu òmíràn.

Ẹ má gbé kànrìnkàn òkun jáde nínú omi, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ á há sí i nínú. Oògùn ẹja tó ní bàbà, ẹ gbé e jìnnà. Sea apple, ẹ̀dá òkun rìbìtì kan tí òun náà ń sẹ́ omi jẹ, ẹ má rà á: bó bá ń kú lọ, oró rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀. Tó bá sì di ìgbà ọyẹ́, omi á máa fà. Omi lásán lẹ fi ń dí i, kì í ṣe omi iyọ̀, torí iyọ̀ kì í fà lọ.

Èmi àti àbúrò Tanke pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Alábẹ̀bẹ̀ yọrí díẹ̀. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó dúpẹ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, omi wàrà ńkọ́?"