Iṣẹ́ oko ìgbà òtútù: ètò pòtétò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Oṣù December àti January la ti ń tọ́jú ilẹ̀ pòtétò. Ẹ yan ibi tí ẹ kò ti gbin pòtétò tàbí tòmátì fún ọdún 3, torí àrùn máa ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀. Ẹ da ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa sí i. Bí ilẹ̀ bá rin gbingbin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́: á ki pọ̀, omi kò ní ráyè ṣàn.

Irúgbìn tó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ lè kó àrùn wọlé. Poro mítà 3 gba ẹyọ 10, bí àlàfo bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Maris Piper, irú pòtétò tó máa ń pẹ́ kó tó ta, fẹ́ àlàfo tó sẹ̀ǹtímítà 40.

Ní ìparí January, ẹ tò wọ́n sínú páálí ẹyin, kí orí tí ojú pọ̀ sí kọjú sókè, níbi tó mọ́lẹ̀, tó tutù díẹ̀, tí kò lè dì. Ẹ wo èéhù wọn dáadáa. Èyí tó kúrú, tó sanra, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àlùkò ló dára. Bó bá funfun, tó gùn tín-ín-rín, òkùnkùn ló fà á, yóò sì kán lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín. Bí èéhù bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, ó ti tó.

Ẹ gbin àwọn tó ń tètè ta ní ìparí March, kí Maris Piper dúró di àárín April.