Bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ ìgbàmì-ẹ̀yẹ Martin Luther King palẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo yàn ni èyí tí Martin Luther King Kékeré, aṣáájú ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ ní Oslo ní Norway, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1964, nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Ọ̀nà mẹ́ta tí à ń gbà yí olùgbọ́ lọ́kàn padà, tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti là sílẹ̀ ni mo ń wá nínú rẹ̀: irú ẹni tí olùsọ̀rọ̀ jẹ́ lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ, ohun tó ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn, àti àlàyé tó mọ́gbọ́n dání.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, mo sì mú bírò aláwọ̀ mẹ́ta, àwọ̀ kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kí n tó fàlà sí ibì kankan, mo kọ àwọn tó jókòó níwájú King sókè ìwé: ọba Norway, àwọn ìjòyè, ìgbìmọ̀ tó fún un lẹ́bùn. Mo wá kọ ìṣòro tó wà nílẹ̀. Bí ẹni tó ń gbẹ̀bùn bá yin ara rẹ̀, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Bó bá ní òun ò tó bẹ́ẹ̀, ó ti sọ àwọn tó yàn án di ẹni tí kò mọ ẹni tó yẹ. Ibi tí olùsọ̀rọ̀ gbà yọ nínú èyí ni kó o kọ́kọ́ wá.

Ọkọ̀ òfuurufú ni King fi yọ. Ó ní bí òun bá wọ̀ ọ́, òun máa ń rántí awakọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ tẹ́nì kankan ò mọ̀. Ló bá pín ẹ̀yẹ náà: ó dárúkọ Olóyè Lutuli, tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà ní South Africa, ó sì bu ọlá fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí orúkọ wọn ò ní jáde nínú ìwé ìròyìn láé. Ọlá tó gbé fún ẹlòmíì gan-an ló jẹ́ ká gbà á gbọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìpín tó ń kani lára. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé “ó lo ìmọ̀lára”, ó tán. Wo ohun tó ṣe. Ó ní àná òde yìí ni wọ́n fi omi panápaná àti ajá dá àwọn ọmọdé lóhùn ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Àná ni wọ́n pa àwọn ọ̀dọ́ ní Philadelphia (ìlú kékeré ní Mississippi ni o, kì í ṣe ìlú ńlá tí gbogbo èèyàn mọ̀). Àná ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé ìjọsìn tó lé ní 40 tàbí kí wọ́n dáná sun wọ́n. Ọ̀rọ̀ Birmingham ti wáyé láti ọdún 1963. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní àná kí ọgbẹ́ náà lè tutù lójú olùgbọ́ ni. Iye náà jẹ́ ẹ̀rí, ó tún ń dunni, nítorí náà àwọ̀ méjì ni mo fà sí i.

Ìgbà náà ló wá bi ara rẹ̀ léèrè: kí ló dé tí wọ́n fi fún ẹgbẹ́ tí kò tíì rí àlàáfíà ní ẹ̀bùn àlàáfíà? Ìbéèrè tí alátakò ì bá bi í nìyẹn. Ó fúnra rẹ̀ dáhùn pé wọ́n fi jẹ́rìí sí i ni pé àìlo ipá ni ìdáhùn sí ìṣòro ìgbà yẹn. Láti dán an wò, mo fi ọwọ́ bo ìpín “àná”, mo sì ka ìbéèrè náà lóun nìkan. Ó dà bí àsọdùn ìrẹ̀lẹ̀. Mo ṣí i padà, ó di ìbéèrè gidi. Ìdánwò yìí wúlò ju kéèyàn kàn máa ka iye àmì tó fà lọ.

Níbi tó ti ń tún “mo kọ̀ láti gbà” sọ léraléra, kà á sókè. Kíkọ̀ ló ṣáájú, “mo gbàgbọ́” ló tẹ̀ lé e. Bó o bá yí i padà, agbára rẹ̀ dín kù.

Nígbà tí mo ń kọ àbájáde, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́ta: ohun tó sọ, ibi tó ti sọ ọ́, ohun tó ṣe sí olùgbọ́. Bí ìkẹta ò bá sí, orúkọ ọ̀nà náà lásán lo kọ.

Má sì rò pé ẹkún nìkan ló ń wọni lọ́kàn. Ní Oslo kan náà, lọ́dún 2014, Malala Yousafzai, ọmọ Pakistan tó ń jà fún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, gba ẹ̀bùn kan náà, ó sì fi bí òun ṣe kúrú ṣe yẹ̀yẹ́, pé gíga òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 2 bí wọ́n bá ka bàtà gogoro òun mọ́ ọn. Kò pẹ́ sígbà náà ló ní ohùn ọmọbìnrin mílíọ̀nù 66 tí kò rí ilé ìwé lọ ni òun ń sọ. Àwọ̀ méjì ni mo fà síbẹ̀ pẹ̀lú.