Bàálù kékeré àtijọ́ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì: ibi tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń tọ́jú Cessna tàbí Piper àtijọ́ ní Ìkẹjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn". Lóòótọ́ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tí ìgbọ̀n òní bá ti yàtọ̀ sí ti àná, nǹkan kan ti tú tàbí ti jẹ nìyẹn o.

Kẹ́ẹ tó mú sípánà rárá, ẹ bi páílọ́ọ̀tì pé ìgbà wo gan-an ló ń gbọ̀n. Èmi ò fi ìbéèrè yìí ṣeré, torí ìdáhùn ẹ̀ máa ń gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó tí ò nídìí. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ ṣe ń ti throttle (ọwọ́ tẹ́ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) síwájú tẹ́ẹ ń fà á sẹ́yìn ni ìgbọ̀n náà ń yí padà, ẹ́ńjìnnì tàbí pùròpélà ni. Tẹ́ẹ bá fa throttle sẹ́yìn tí bàálù ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́ tó ṣì ń gbọ̀n, tó jẹ́ eré bàálù ló ń tẹ̀lé, ara bàálù fúnra ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn ni o, ìrù ni o. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ nìkan, ẹ wo táyà iwájú àti shimmy damper, ìyẹn nǹkan tí kì í jẹ́ kí táyà iwájú máa gbọ̀n, bóyá epo ti ń jò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, torí òun ni wọ́n máa ń gbójú fò jù. Rọ́bà ni, ooru àti epo ẹ́ńjìnnì kì í sì í dá rọ́bà sí. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ẹnu cowling (ìbòrí ẹ́ńjìnnì) àti spinner (fìlà ṣóńṣó tó wà níwájú pùròpélà), tí spinner bá ti rọ̀ wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti rẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí rọ́bà yẹn, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: èyí tó ti le gbagidi, tó ti ya wẹ́wẹ́, tàbí tí epo ti mú kó wú, ó ti lọ. Gbogbo ẹ̀ lẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Ẹ tún wo ibi tí ẹ̀sọ́ọ̀sì ti ń kan cowling, ibẹ̀ máa ń dán, ìyẹn nìkan lè gbé ìgbọ̀n wọ gbogbo ara bàálù.

Pùròpélà wá ńkọ́? Ẹ pa magneto, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi nǹkan dí táyà, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kan nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kẹ́ẹ máa ṣe sí i bí ohun tó lè sítáàtì nígbàkigbà, torí tí wáyà tó ń pa magneto bá já, kọ́kọ́rọ́ ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ gbé àpótí tí ò ní mira síwájú ẹ̀ kí ẹnu bíléèdì kan kàn án, ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ wá yí èkejì wá. Fún pùròpélà onírin tí ò ju fíìtì 6 lọ, ìyàtọ̀ wọn ò gbọdọ̀ ju 1/16 íǹṣì lọ, ti onígi 1/8.

Tí magneto kan bá ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fi òun nìkan ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yára ta omi díẹ̀ sí páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí omi ò bá hó lórí ẹ̀, sìlíńdà ẹ̀ ni ò jó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti plọ́ọ̀gì ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbọ̀n, tí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fa carb heat, ọwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú kàbúrétọ̀, tán. Ẹ má rò pé ooru Èkó ò lè jẹ́ kí yìnyín wọ kàbúrétọ̀, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi, epo tó ń di oru sì máa ń tutù gan-an. Ó lè kọ́kọ́ gbọ̀n sí i nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ẹ má tì í padà.

Ìrù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ di elevator, apá ìrù tó ń gbé imú bàálù sókè sódò, mú gírígírí, ẹ fi ọwọ́ kejì mi trim tab, pátákó kékeré tó wà létí ẹ̀, sókè sódò. Tó bá ń ṣe kọkọkọ lọ́wọ́ yín ju bí ìwé bàálù ṣe gbà lọ, ẹ má gbé e sókè, àní kẹ́ẹ kàn fò yí pápá lẹ́ẹ̀kan. Flutter, ìyẹn kí apá ìrù máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ fúnra ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, lè fa ìrù ya láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ló bá yín, ẹ fa throttle sẹ́yìn, ẹ dín eré kù jẹ́jẹ́, ẹ wá ibi balẹ̀, kí ẹni tó ní láísẹ́ńsì yẹ̀ ẹ́ wò kó sì buwọ́ lù ú kó tó tún kúrò nílẹ̀.