Bí a ṣe ń tún start àti stop tò nínú library log láìjẹ́ kí ìlà kankan sọnù

Ẹni tó bá ń fi èdè Java kọ ètò á mọ Logback, library (kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí ètò mìíràn lè lò) tí Ceki Gülcü kọ lẹ́yìn tó ti dá log4j sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ tó bá ní fáìlì láti ṣí tàbí thread (iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù nínú ètò) láti tan ló ń tẹ̀lé interface kan, ìyẹn àdéhùn iṣẹ́ tí ẹ̀yà gbọ́dọ̀ ṣe, tó ń jẹ́ LifeCycle. Method, ìyẹn iṣẹ́ tí a lè pè, mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: start tó ń tan ẹ̀yà, stop tó ń pa á, àti isStarted tó ń sọ bóyá ó ti tàn. Ó kéré lójú. Àmọ́ tí ẹ bá ti kọ appender bíi mélòó kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé log lọ sínú fáìlì tàbí sójú ẹ̀rọ, ẹ ó rí i pé kálukú ti ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan á gbé started, àmì tó ń sọ pé ẹ̀yà ti tàn, sókè kó tó ṣí fáìlì, òmíràn á gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. A fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan.

Ìdánwò ló ṣáájú. Ẹ pe start lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò ó bóyá fáìlì ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pe stop lórí ẹ̀yà tí ẹ kò tan rí. Ẹ tan án, ẹ pa á, ẹ tún un tan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà log 1,000, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìlà tó dé inú fáìlì. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ má fi ṣeré.

Ó wá kan class òbí, ìyẹn kóòdù kan ṣoṣo tí gbogbo appender, tí í ṣe class ọmọ, á ti máa jogún start àti stop. Ẹ sọ started di private, kí class ọmọ kankan má lè fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sọ ọ́ di volatile, kí gbogbo thread lè rí i bó ṣe rí gan-an. Tí wọ́n bá pe start, class òbí á yẹ àmì náà wò. Tó bá ti wà lókè, kò ní ṣe nǹkan kan. Tí kò bá sí lókè, á pe doStart tí class ọmọ kọ, ìgbà tí doStart bá yege ni á tó gbé àmì sókè.

Inú doStart ni àyẹ̀wò wà. OutputStreamAppender ti Logback ṣe é dáadáa: tí kò bá rí encoder (ohun tó ń sọ log di ohun tó ṣeé kọ jáde) tàbí ibi tí yóò kọ log sí, á kọ àṣìṣe náà sílẹ̀, kò sì ní tan. Kò ju exception, ìyẹn àṣìṣe tó lè dá ètò dúró, nítorí kò yẹ kí ètò tó ń gba owó oníbàárà kú torí pé ibi tó ń kọ ìwé sí bàjẹ́.

Níbí ni mo ti ṣubú nígbà kan. AsyncAppender ti Logback máa ń kó log sínú queue, ìyẹn ìlà tí log ti ń dúró de ẹni tó máa kọ ọ́, thread kan tí à ń pè ní worker á sì máa kó o jáde. Gbólóhùn tó ń darí worker ni pé kó máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí isStarted bá jẹ́ true. Mo gbé títan worker sínú doStart, bí mo ti ṣe fáwọn yòókù. Worker jí, ó wo àmì, àmì kò tíì gòkè, ló bá ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́: ó pa àwọn appender abẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó ń kó queue mọ́. Àyè 256 ni queue ní tí ẹ kò bá yí i padà. Tí àyè tó ṣẹ́ kù bá ti kéré sí 51, log ìpele INFO (ìròyìn lásán) àti èyí tó kéré sí i á bẹ̀rẹ̀ sí í dànù. WARN (ìkìlọ̀) àti ERROR (àṣìṣe) á kún ìyókù, lẹ́yìn náà ètò á dúró gbagidi. Ohun tó burú jù ni pé kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìdánwò mi yege lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kó tó kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ẹ fi method mìíràn kún class òbí, kí ẹ pè é ní afterStart, kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí àmì bá ti gòkè. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tan thread. Log4j 2 gba ọ̀nà mìíràn: kò lo àmì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ipò mẹ́fà ló ní, STARTING àti STOPPING sì wà lára wọn. Ìyẹn dára fún library ńlá. Fún tiyín, afterStart tó.

Ní ti stop, ẹ ronú nípa ẹni tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń tì kí oníbàárà tuntun má wọlé mọ́, á dá àwọn tó wà nínú lóhùn, kó tó pa iná. Ẹ sọ àmì kalẹ̀, ẹ dá worker dúró, ẹ jẹ́ kó kó ohun tó wà nínú queue tán, kí ẹ tó pa fáìlì dé. AsyncAppender ń dúró de worker fún 1,000 mìllísẹ́kọ́ńdù. Tí iye yẹn bá kọjá, á kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí log kan ti dànù. Tí ẹ bá fi maxFlushTime, ìyẹn iye àkókò ìdúró yẹn, sí 0, á dúró títí worker yóò fi kó o tán. Ẹ rí i pé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà bá gbára lé ara wọn, èyí tó ń fi log ránṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, èyí tó ń gbà á ló máa kẹ́yìn.

Daemon ni worker yìí, ìyẹn thread tí JVM, ẹ̀rọ tó ń mú ètò Java ṣiṣẹ́, kì í dúró dè kó tó parí. Bí stop yín bá tiẹ̀ dára tó, kò wúlò tí kò bá sẹ́ni tó pè é. Nínú logback.xml, fáìlì ìṣètò Logback, ẹ fi <shutdownHook/> sí abẹ́ configuration, kí ó máa pe stop nígbà tí ètò bá ń parí, kí ẹ wá tún ìdánwò ìlà 1,000 yẹn ṣe, lọ́tẹ̀ yìí kí ètò parí fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹ fọwọ́ ara yín pe stop.