Bí a ṣe tún àlàyé utcnow() ṣe nínú ìwé ìtọ́sọ́nà datetime

Kóòdù kọ́ ló ní àṣìṣe, àlàyé rẹ̀ ni. Ìwé wa sọ pé `datetime.utcnow()`, ti èdè kọ̀ǹpútà Python, ń mú aago UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé) wá. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí `tzinfo` (àmì tó ń sọ ti agbègbè wo ni aago náà) lára ohun tó mú wá, nítorí náà `.timestamp()`, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ní UTC, á kà á sí aago ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, `datetime(1970, 1, 3).timestamp()` á mú 169200.0 jáde dípò 172800.0. Ìṣẹ́jú àáyá 3600 ti sọnù, Python ò sì ní wí nǹkan kan.

A fi `datetime.now(timezone.utc)`, tó ń fi `tzinfo` sára aago, rọ́pò rẹ̀, láti Python 3.12 ni utcnow() ti di ohun tí wọ́n ní ká yé lò. A gbé ìkìlọ̀ sókè àpẹẹrẹ, torí ọ̀pọ̀ òǹkàwé á ti da kóòdù kọ kí ojú wọn tó dé ìsàlẹ̀.

Ibi tó fẹ́ dí wa lọ́wọ́ ni `python -m doctest aago.rst`, àṣẹ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àbájáde àpẹẹrẹ inú ìwé bá ohun tí kóòdù mú jáde mu: ó ń kùnà, nítorí àbájáde `now()` ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ tí kì í yí ni kẹ́ ẹ lò, bíi `datetime(2024, 3, 10, 9, 30, tzinfo=timezone.utc)`. Tẹ́ ẹ bá fi `print` gbé e jáde, ẹ máa rí `2024-03-10 09:30:00+00:00`. Ẹ má gé `+00:00` yẹn kúrò nínú àpẹẹrẹ. Òun ló ń fi hàn pé UTC wà lára rẹ̀.